Ọ̀sán ni a ti ń ṣe ìdájọ́ òru: Ọ̀rọ̀ lórí ìbọn, ìdáàbòbò ara ẹni àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó dá ẹ̀mí, tí ó sì fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Òun ni à ń yìn, Òun ni à ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ àti àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọ́sìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àjíǹde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi ṣáájú, mo sì ń sọ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, ní ọ̀sán àti ní òru. Òru gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lé.

Ìbéèrè tí a bi mí

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, bàbá àgbẹ̀ kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà màsálásí. Bàbá náà jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní ìbọn ìṣọdẹ kan, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Wọ́n ní, “Ààfáà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.”

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n sùn sí abà wọn lóko nítorí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú àká. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn ajínigbé mú ènìyàn lójú ọ̀nà oko, ọkàn ẹnikẹ́ni kò sì balẹ̀. Nígbà tí òru jìn, wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń mi ilẹ̀kùn àká. Wọ́n gbé ìbọn, wọ́n jáde, wọ́n rí òjìji ènìyàn lára ògiri. Wọ́n ké pé, “Ta nìyẹn?” Kò dáhùn. Wọ́n tún ké lẹ́ẹ̀kejì. Dípò kí ó dáhùn, ńṣe ni ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. “Ààfáà, ìka mi ti wà níbi tí à ń fà.” Kí wọ́n tó fà á, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so mọ́rí.

Ọmọkùnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ọmọ alágbàṣe kan ni, tí ó ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní oko kejì, kò sì gbọ́ ju ọ̀rọ̀ Yorùbá mélòó kan lọ. Ejò ni ó bu bàbá rẹ̀ ṣán, ó ń wá ẹni tí ó ní alùpùpù. Bàbá wa gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà, Ọlọ́hun sì dá a sí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá kò sùn dáadáa mọ́. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí. Èkínní: bí mo bá ti fà á ńkọ́? Èkejì: bí ó bá jẹ́ ajínigbé ni, tí iná tọ́ọ̀ṣì mi sì fi mí hàn án, tí ó yìnbọn lù mí ńkọ́? Wọ́n wá fi kún un pé, “Ìwé àṣẹ ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ìwé náà yọ̀ǹda fún mi láti ṣe.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè àgbà ni. Bàbá náà fún mi láyè láti sọ ọ́ níhìn-ín láì dárúkọ wọn, nítorí pé wọn kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo tí ó ní ìbọn nílùú yìí.

Àṣẹ wà láti dáàbò bo ara ẹni

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ sọ ni pé ẹ̀sìn wa kò pa á láṣẹ kí Mùsùlùmí na ọrùn fún apànìyàn. Nínú súúrà al-Baqara, ẹsẹ 190, Ọlọ́hun yọ̀ǹda kí a bá ẹni tí ó ń bá wa jà jà, Ó sì kọ̀ fún wa láti kọjá ààlà. Imam Muslim gba àdíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, pé ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè ohun tí òun yóò ṣe bí ẹnìkan bá wá gba dúkìá òun. Ànábì ní kí ó má ṣe fi fún un. Ó ní bí onítọ̀hún bá bá òun jà ńkọ́? Ànábì ní kí òun náà bá a jà. Ó bèèrè bí a bá pa òun. Ànábì ní ṣàhíìdì ni yóò jẹ́. Ó bèèrè bí òun bá pa olè náà. Ànábì ní iná ni olè náà ń lọ.

Òfin ìlú náà kò jìnnà sí èyí. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 33, fi ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí fún gbogbo ènìyàn. Ó sì sọ pé kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ̀tọ́ náà bí ènìyàn bá kú nípasẹ̀ agbára tí ó pọn dandan láti fi gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá tí kò bófin mu, tàbí láti fi dáàbò bo dúkìá, níwọ̀n tí òfin bá gbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú apànìyàn wo ẹni tí ó gba ara rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ ikú.

Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ ìpànìyàn

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìwé àṣẹ tí ọlọ́pàá fi fún ènìyàn sọ pé ó lè ní ìbọn ní ìpamọ́. Kò sọ ìgbà tí ó lè yìn ín sí ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, inú òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni ó ń ṣàkóso níní. Lábẹ́ rẹ̀, ṣákabùlà tí àwọn bàbá wa ń gbé pàápàá nílò àṣẹ, a sì ka ìbọn ìléwọ́ kún èyí tí a fòfin dè àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Ẹni tí ó bá ní ìbọn láìní àṣẹ, òfin mìíràn tí ó jẹ mọ́ ìdigunjalè àti ìbọn lè fi í sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, yálà ó yìn ín tàbí kò yìn ín.

Yíyìn ín sí ènìyàn, inú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù ni ó wà. Abala 286 sọ pé bí ẹnìkan bá kọlù ọ́ láìṣe pé ìwọ ni o fa ìjà, o lè lo agbára tí ó bọ́gbọ́n mu láti fi gba ara rẹ. Ṣùgbọ́n kí agbára náà tó di èyí tí ó lè pani, ìkọlù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó mú ìbẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá wá, ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí. O sì gbọ́dọ̀ gbàgbọ́, pẹ̀lú ìdí, pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí o fi lè yè. Abala 289, tí ó sọ̀rọ̀ nípa dúkìá tí a lè gbé, gbà ọ́ láyè láti di ohun ìní rẹ mú, ṣùgbọ́n kò gbà ọ́ láyè láti ṣe olè náà léṣe nítorí dúkìá náà nìkan. Abala 298 sì kìlọ̀ pé ẹni tí òfin gbà láyè láti lo agbára yóò jíhìn fún àṣejù rẹ̀.

Àwọn adájọ́ wa ti kó àwọn ohun tí wọ́n ń wò jọ sí mẹ́rin: ṣé ìwọ kọ́ ni o dá ìjà náà sílẹ̀? Ṣé ewu ikú tàbí ìpalára ńlá wà níwájú rẹ ní àkókò náà gan-an? Ṣé kò sí ọ̀nà tí o lè gbà sá láìséwu? Ṣé pípa náà pọn dandan? Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹjọ́ náà lè yí padà.

Kí ẹ tún mọ̀ pé òfin yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn bá kọjá sí ilẹ̀ Kwara, abẹ́ Penal Code ti àríwá ni ó bọ́ sí. Òfin náà gbà pé ààbò dúkìá lè dé orí ikú nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ bí ìdigunjalè àti fífọ́ ilé lóru, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ bí àyè bá wà láti ké sí ìjọba fún ààbò. Ọkùnrin kan náà, ìbọn kan náà, ìwé àṣẹ kan náà. Ààlà ìpínlẹ̀ nìkan ni ó kọjá.

Ohun tí ó rújú

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Bukhari àti Muslim gba àdíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Nu'man ọmọ Bashir, pé ohun ẹ̀tọ́ hàn kedere, ohun èèwọ̀ hàn kedere, àwọn ohun tí ó rújú sì wà láàárín méjèèjì, tí púpọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí ó bá jìnnà sí ohun tí ó rújú ti gba ẹ̀sìn rẹ̀ àti iyì rẹ̀ là.

Nínú oúnjẹ àti òwò, ìmọ̀ràn yìí rọrùn. Bí owó kan bá rú ọ lójú, má gbà á. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àká lóru yóò ṣe? Bí ó bá yìnbọn, ó lè jẹ́ ọmọ aláìṣẹ̀ ni yóò pa. Bí kò bá yìn ín, ó lè jẹ́ òun ni a ó pa. Ìhà méjèèjì ni ó rújú, kò sì sí àyè láti jìnnà sí méjèèjì. Èmi kò ní tan yín pé ìwé kan wà tí ó lè dá ẹjọ́ náà fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Amòfin kò lè dá a. Ààfáà kò lè dá a.

Bàbá wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mí. Wọ́n ní, “Àwọn adájọ́ yóò jókòó lọ́sàn-án gangan, wọn yóò fi oṣù púpọ̀ wo ohun tí mo ní ìṣẹ́jú kan láti wò nínú òkùnkùn. Ṣé ìyẹn dára?” Òótọ́ ni pé ó nira. Ẹni tí ó pa ènìyàn ní tòótọ́ láti gba ara rẹ̀ là, a lè mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí a gba ìbọn rẹ̀, kí a gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ májísíréètì tí kò ní agbára láti dá ẹjọ́ ìpànìyàn, kí ó sì wà ní àhámọ́ títí ìmọ̀ràn olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba yóò fi dé. Lóòótọ́, bí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, olùpẹ̀jọ́ ni yóò fi hàn láìsí iyèméjì pé kì í ṣe ìdáàbòbò ara ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀ lè gùn.

Kí ló dé tí ó rí bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ẹni tí ó kú kò lè sọ tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ní agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó dúró pẹ̀lú ìbọn lóru, òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni adájọ́, òun náà ni ó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, kò sì tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá bi í léèrè lẹ́yìn náà, gbogbo apànìyàn ni yóò máa sọ pé òun gba ara òun là. Nínú Muwatta ti Imam Malik, a mú ẹjọ́ ẹnìkan tọ Ali ọmọ Abu Talib lọ, ẹni tí ó pa ọkùnrin tí ó ní òun bá lọ́dọ̀ ìyàwó òun. Ali béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Bí kò bá mú wọn wá, kí a fa òun náà lé àwọn ẹbí òkú lọ́wọ́. Ali kò pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Ó kàn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan gbé kúrò nílẹ̀.

Ẹ tún rántí Usama ọmọ Zayd. Lójú ogun, ó borí ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì pe kálímà ìjẹ́rìí. Usama rò pé ìbẹ̀rù idà ni ó mú un pè é, ó sì pa á. Ànábì bi í léèrè bóyá ó la àyà ọkùnrin náà wò láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ó sì ń tún un bi í títí Usama fi fẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ náà ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn. Bí a bá bi ààyò Ànábì léèrè irú èyí nípa ẹni tí ó dojú ogun kọ ọ́, kí ni a ó bi wá nípa àlejò tí kò gbọ́ èdè wa? Ní àkókò tí ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo wa yìí, aṣọ tí ènìyàn wọ̀, ẹ̀yà tí ó ti wá, tàbí àìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó fẹ́ pani.

Àtẹ̀gùn tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀

Àwọn onímọ̀ ti ronú lórí ọ̀ràn yìí ṣáájú kí ìbọn tó dé ilẹ̀ wa. Ìlànà wọn ni pé èyí tí ó fúyẹ́ ni kí a kọ́kọ́ lò, kí a tó gun orí èyí tí ó wúwo. Bí ariwo bá tó, má ṣe lu ènìyàn. Bí lílù bá tó, má ṣe ṣá a lọ́gbẹ́. Bí ọgbẹ́ bá tó, má ṣe pa á. Khalil ọmọ Ishaq, nínú Mukhtasar rẹ̀ tí àwa ọmọ ilé-kéú máa ń kà lórí ìlànà Maliki, fi ohun méjì kún un. Ó gbà pé a lè lé akọluni padà lẹ́yìn tí a bá ti kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà jẹ́ fún ẹni tí ó lè gbọ́ ọ yé. Ó tún ní kò sí àyè láti ṣe é lọ́gbẹ́ bí o bá lè sá fún un láìsí ìnira.

Ẹ wo bí èyí ti bá ti àwọn adájọ́ wa mu. Ẹ sì wo bí ó ti bá ọ̀rọ̀ bàbá wa mu: wọ́n kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò yé ọmọ náà. Tọ́ọ̀ṣì ni ó gbà wọ́n, kì í ṣe ohùn wọn. Àdíìsì Abu Hurayra tí mo sọ lókè náà ní àtẹ̀gùn nínú: àkọ́kọ́, má fi fún un, lẹ́yìn náà, bí ó bá bá ọ jà ni kí o tó bá a jà. Nítorí náà, olè tí ó ti kọ̀yìn sí ọ, tí ó ń sá lọ, kò bá ọ jà mọ́. Ẹni tí ó bá yìnbọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti orí ìdáàbòbò, ó ti bọ́ sínú ẹ̀san. Àpò àgbàdo kan kò tó ẹ̀mí ènìyàn, bí ẹ̀mí náà tilẹ̀ jẹ́ ti olè.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ wà

Ìdáhùn mi sí bàbá wa nìyí, òun náà ni ọ̀rọ̀ mi sí gbogbo yín. Ìṣẹ́jú òru kì í ṣe àkókò ìrònú. Ohun tí ọkàn àti ọwọ́ rẹ ti kọ́ lọ́sàn-án ni wọn yóò ṣe lóru. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ohun tí ó rújú, kí ó dín ìrújú náà kù kí òru tó dé.

Fi iná sí ẹnu ọ̀nà rẹ àti àká rẹ, kí o lè rí ojú ẹni tí ó ń bọ̀. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ le, nítorí ilẹ̀kùn tí ó le ń fún ọ ní àkókò, àkókò sì ni ó ń ya ọmọ aláìṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ajínigbé. Mọ àwọn tí ó yí oko rẹ ká, pàápàá àwọn àlejò àti alágbàṣe. Kí wọn, mọ ojú àwọn ọmọ wọn, kọ́ wọn ní bí a ṣe ń pe ènìyàn lóru. Ní nọ́ḿbà àgọ́ ọlọ́pàá, ti Àmọ̀tẹ́kùn àti ti àwọn ọdẹ ìlú nínú fóònù rẹ. Má ṣe dá nìkan jáde bí o bá lè dúró nínú ilé kí o ké.

Tọ́jú ìbọn rẹ sí ibi tí ọmọdé àti oníbìínú kò lè dé. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá gbé ọfà kọjá ní màsálásí tàbí ọjà di orí rẹ̀ mú, kí ó má baà ṣe ẹnìkan léṣe. Ó kọ̀ kí a na idà tí a ti fà yọ sí ara wa. Ó sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ohun ìjà sí arákùnrin rẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá Èṣù yóò já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tún ìwé àṣẹ rẹ ṣe nígbà tí ó yẹ, má sì ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ìbọn náà. Má ṣe gbé e lọ sí ibi ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà ẹbí, nítorí ẹni tí ó mú ìbọn lọ síbi ìjà kò lè sọ pé òun kọ́ ni òun dá a sílẹ̀. Lọ bá amòfin kí ọ̀ràn tó dé, kí o bi í ní ohun tí òfin ìpínlẹ̀ rẹ sọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí apànìyàn bá dojú kọ ọ́ ní tòótọ́, tí kò sí ọ̀nà àtisá, tí ìkìlọ̀ kò sì ràn án, gba ara rẹ àti ìdílé rẹ là. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù ilé ẹjọ́ pa ọ́. Nígbà tí ó bá sì parí, má ṣe sá, má ṣe gbé òkú kúrò, má ṣe parọ́. Pe ọlọ́pàá, wá ìtọ́jú fún ẹni tí ó bá ṣì wà láàyè, kí o sì pe amòfin rẹ. Ẹni tí ó bá sá ti sọ ara rẹ̀ di afurasí, bí ó tilẹ̀ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Bí ó bá sì jẹ́ àṣìṣe ni, tí aláìṣẹ̀ kú, kò parí sí ilé ẹjọ́. Súúrà an-Nisa, ẹsẹ 92, fi owó ẹ̀jẹ̀ lélẹ̀ fún ẹbí òkú, àyàfi bí wọ́n bá fi í ta wá lọ́rẹ, àti ìdásílẹ̀ ẹrú. Ẹni tí kò bá rí ẹrú, kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀léra. Ọlọ́hun mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, síbẹ̀ Ó fi oṣù méjì sí i, kí ẹ̀mí má baà di ohun yẹpẹrẹ lójú wa. Ànábì sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó dájọ́ lé lórí láàárín àwọn ènìyàn ní ọjọ́ Àjíǹde.

Mo sọ èyí fún bàbá wa, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ààfáà, n óò kọ́kọ́ ra iná.” Ní ọjọ́ kejì, iná méjì tí ń lo oòrùn ti wà lára àká wọn. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ náà ni ó bá wọn so ó mọ́gi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin àti gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

Kútùbá kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, súúrà al-Ma'ida, ẹsẹ 32, kọ́ wa pé ẹni tí ó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́ dà bí ẹni tí ó pa gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá sì dá ẹ̀mí kan sí dà bí ẹni tí ó dá gbogbo wọn sí. Ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà, lè wà nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀jẹ̀ tiwa ṣe ìjẹ fún ìkà. Dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ wa lóko àti àwọn arìnrìn-àjò wa lójú ọ̀nà. Dá àwọn tí a jí gbé padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Fún àwọn adájọ́ wa ní òdodo, fún àwọn agbófinró wa ní ìbẹ̀rù Rẹ. Tan ìmọ́lẹ̀ sí òru wa. Àmín.